Ọ̀pá Tí Káfíńtà Ń Béèrè

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, mo kí yín o. Mo kí ẹ̀yin tí ẹ jókòó pẹ̀sẹ̀, mo kí ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé lórí ìdúró nítorí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ẹ jókòó, mo sì kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á sókè fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tí ó fún wa ní ahọ́n. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ sórí ọpẹ́ ahọ́n yìí, nítorí a máa ń gbàgbé rẹ̀. A ń dúpẹ́ ẹ̀mí, a ń dúpẹ́ oúnjẹ, a ń dúpẹ́ ọmọ. Ṣùgbọ́n ta ni nínú wa ni ó jí láàárọ̀ tí ó kúnlẹ̀ tí ó ní, “Baba, mo dúpẹ́ pé mo sọ̀rọ̀ lánàá, wọ́n sì gbọ́ ohun tí mo sọ”? Ẹ fi etí sílẹ̀, ẹ ó rí ìdí tí ó fi yẹ bẹ́ẹ̀.

Tọkọtaya kan wà tí iṣẹ́ wọn ti di orúkọ fún wọn. Ọkọ ni Káfíńtà, ìyàwó ni Aránṣọ. Iṣẹ́ ìyàwó ń lọ ní pálọ̀, lẹ́bàá fèrèsé, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bọ́ sórí máṣíìnì rẹ̀. Iṣẹ́ ọkọ ń lọ ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ òrùlé páànù. Ilé ìwọ̀n ni ilé wọn. Teepu kì í kúrò lọ́rùn Aránṣọ láti àárọ̀ di alẹ́, débi pé ó ti wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì rí, àárín orin kejì ni ẹni tí ó dúró tì í tó tọ́ ọ. Káfíńtà ní tirẹ̀ kì í lo teepu. Ó ní ọ̀pá kan tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ lọ́jọ́ tí ó parí iṣẹ́ kíkọ́, igi líle, mítà kan gbáko, pẹ̀lú ìlà tí ó fín sí i lára. Ọ̀pá ìwọ̀n ni ó ń pè é, bí ẹni pé inú ilé Ọlọ́run ni wọ́n ti gbé e jáde. Bí ó bá sọ pé ilẹ̀kùn yín kúrú, ilẹ̀kùn yín kúrú nìyẹn. Ẹ lè sunkún, kò ní sọ ọ́ di gígùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, níbi tí ó ti ń fá pákó ilẹ̀kùn, ọ̀bẹ ìfági bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, kò lè nàró mọ́. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó mú apá ọ̀tún, ó mú ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó fa ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ọlọ́run kò gba ẹ̀mí, ògo ni fún orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó fi máa tó oṣù mẹ́fà, ẹsẹ̀ ti ń gbé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé pẹ̀lú igi ìtilẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ náà ti ń padà, ọ̀kan, ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ìṣó tó dà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n imú ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ń gbà jáde, bíi ti ẹni tí òtútù mú. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni kò tíì gbà pé iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ọmọbìnrin tó ń fi ìdárayá tọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn kò gba gbẹ̀rẹ́. Ṣọ́jà ni gbogbo aláìsàn ń pè é, ó sì ń dáhùn. Lọ́jọ́ kan ó di ọwọ́ ọ̀tún Káfíńtà mú, ó ní:

“Bàbá, kí lẹ fẹ́ fi ọwọ́ yìí ṣe tó bá dára tán? Ẹ má sọ fún mi pé ẹ fẹ́ fi jẹun o. Gbogbo èèyàn ló fẹ́ fi jẹun. Ẹ sọ nǹkan tó máa mú yín dìde lórí bẹ́ẹ̀dì.”

Káfíńtà ronú. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ tó ṣì lè rẹ́rìn-ín rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọ̀pá ìwọ̀n.”

Ohun tí etí gbọ́ nìyẹn. Aránṣọ tó jókòó tì í bú sẹ́kún ayọ̀. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́! Bí wọ́n ṣe délé, Aránṣọ kò tíì bọ́ bàtà tó ti sáré dé ẹ̀yìnkùlé, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọ̀pá náà, ó gbé e wá. Káfíńtà wò ó, ó mi orí.

“Ọ̀pá ìwọ̀n,” ó tún wí.

“Òun náà nìyí, ọkọ mi.”

Ó tún mi orí. Aránṣọ rò pé bóyá ìlà rẹ̀ ti parẹ́ lójú rẹ̀, tàbí ó fẹ́ èyí tó fúyẹ́. Ó pe àkọ́bí wọn, Dáwódù, ẹni tó ń wa kireni ní èbúté ọkọ̀ òkun ní ìlú mìíràn, ọmọ tó lawọ́ tí kò sì mọ nǹkan kékeré í ṣe. Dáwódù fi ọ̀pá onírin ránṣẹ́. Bàbá mi orí. Ó fi èyí tó ń ká bí ọ̀bẹ ránṣẹ́. Bàbá mi orí. Ó fi èyí tó gùn ní mítà méjì ránṣẹ́, tí kò gba ẹnu ọ̀nà wọlé àfi tí wọ́n dà á nínàró. Díákónì ìjọ wọn mú ọ̀kan wá tó ń tan iná pupa sára ògiri, ó ní ayé ti lajú, Bàbá kò ní láti bẹ̀rẹ̀ mọ́. Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀karùn-ún dé, Káfíńtà fi ọwọ́ òsì gbà á, ó jù ú. Ó ba aago ara ògiri. Aago dúró ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún, ọkùnrin náà sì pa ẹnu dé.

Kò bínú mọ́. Ìyẹn gan-an ló bani lẹ́rù. Bí wọ́n bá bi í ní ìbéèrè, á kàn fi orí dáhùn. Ní àdúrà àárọ̀, ètè rẹ̀ kò mira. Ṣọ́jà fa Aránṣọ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

“Màmá, mi ò ní tàn yín. Àsìkò tí ọ̀rọ̀ máa ń padà nìyí. Ẹnu tí wọn ò bá lò báyìí, ó lè má ṣí dáadáa mọ́. Kí ló dé tí Bàbá dákẹ́?”

“Mi ò mọ̀, ọmọ mi. Ohun tó béèrè ni a ń gbé fún un.”

“Ṣé ó dá yín lójú pé ohun tó béèrè ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn tẹ̀ lé Aránṣọ délé. Ọjọ́ mọ́kànlá ni ìdákẹ́jẹ́ náà pé kí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ọ̀sán ni. Aránṣọ fẹ́ rán kọ́là aṣọ kan, òwú tán nínú bọ́bìn, ó fi rílì òwú funfun sórí máṣíìnì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ká a. Òwú ń sáré láti ara rílì, ó ń gba inú ihò irin kékeré kọjá, ó ń yí mọ́ bọ́bìn. Ó gbójú sókè. Káfíńtà ń wò ó. Kì í ṣe òun ló ń wò, òwú ni. Ọkùnrin náà na ìka òsì, ó fi tọ ipa òwú náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ó yí ọwọ́ po lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí ẹni ń yí nǹkan kékeré kan. Lẹ́yìn náà ó ju apá sí ọ̀nà fèrèsé, bí ẹni sọ nǹkan sí ọ̀nà jíjìn.

“Ẹ fẹ́ bá mi ká a ni?”

Ó gbọ̀n orí nù. Ó la ẹnu. Ohùn rẹ̀ kéré, bíi ti ẹni tó ń gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan péré kó tó fi í sílẹ̀ pátápátá. “Ọ̀pá ìwọ̀n.”

Ó kù díẹ̀ kí Aránṣọ ní, “A tún ti dé ibẹ̀!” Àánú Ọlọ́run ló mú ẹnu rẹ̀ dákẹ́, tí ó sì mú ọ̀gá akọrin wọn àtijọ́ wá sí i lọ́kàn. Ọkùnrin gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Nígbà tí Aránṣọ wà ní ọ̀dọ́ nínú ẹgbẹ́ akọrin, bí ó bá fura pé ẹnì kan ń fi imú kọrin, á rìn wá láàárín ìlà, á fi ìka méjì di imú onítọ̀hún pọ̀, á ní, “Kọ ọ́ báyìí ká gbọ́.” Ohùn tó bá jẹ́ ti ẹnu á jáde. Èyí tó jẹ́ ti imú á há sí imú.

Aránṣọ dìde lẹ́nu iṣẹ́, ó bá ọkọ rẹ̀ níbi tó jókòó sí, ó sì di imú rẹ̀ pọ̀.

Ojú ọkùnrin náà là kedere.

“Ẹ má bínú, olówó orí mi. Ẹ tún un sọ.”

“Ọ̀pá ì…”

“Ẹ sọ ọ́ tán!”

“Ọ̀pá ìwọ̀.”

Aránṣọ tú imú sílẹ̀. Ìwọ̀. Kò sí ariwo imú kankan nídìí rẹ̀. Ìwọ̀, tí wọ́n fi ń mú ẹja. Kíá ni òórùn omi iyọ̀ ti kún pálọ̀ náà fún un. Ọdún mẹ́rìndínlógójì sẹ́yìn, kí wọ́n tó bí ọmọ kankan, gbogbo ọ̀sán Sátidé ni Káfíńtà máa ń lọ sórí èbúté onípákó tó wọ inú òkun, á ju ìwọ̀, òun náà á jókòó tì í, á máa fi ọwọ́ gán ojú bọ́tìnnì. Nígbà tí wọ́n bí Dáwódù, Sátidé di ọjọ́ iṣẹ́. Káfíńtà fi ọ̀pá ìwọ̀ náà ta ẹnì kan lọ́rẹ. “Bí mo bá fẹ̀yìn tì,” ó sọ lọ́jọ́ náà, “màá padà.” Aránṣọ ti gbàgbé. Ẹni tó sọ ọ́ kò gbàgbé.

“Yéè! Ọ̀pá márùn-ún!” Ó kúnlẹ̀, ẹkún àti ẹ̀rín pa pọ̀ lójú rẹ̀. “Ọ̀pá márùn-ún ni a kó jọ síwájú yín!”

Káfíńtà na ìka márùn-ún sókè, ó ká wọn kò, ó tún na ẹyọ kan. Mẹ́fà ni. Ó ka tirẹ̀ àtijọ́ náà mọ́ ọn.

Nígbà tí Dáwódù gbọ́ lórí fóònù, ariwo rẹ̀ ju ti kireni lọ.

“Ìwọ̀? Màámi, ìwọ̀ ẹja?”

“Ìwọ̀ ẹja ni o.”

“Háà! Àní gbogbo ọ̀pá tí mo rà wọ̀nyẹn! Ó dáa, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Bàámi ò ní fi nǹkan yẹpẹrẹ pẹja láyé.”

“Dáwódù, bi èèyàn kó o tó rà á o.”

“Màámi, ẹ fọkàn balẹ̀!”

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi kireni gbé ẹrù lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ kò lè kéré. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ẹrù dé. Ọ̀pá náà nípọn bí igi ìgbálẹ̀, kò sì ṣeé tẹ̀. Rílì tí wọ́n fi ń ká okùn rẹ̀ tóbi bí orí ọmọ tuntun, wọ́n kọ nọ́ńbà títóbi rẹ̀, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Aránṣọ so méjèèjì pọ̀ bí ìwé inú páálí ṣe wí. Káfíńtà ti jókòó sí etí àga, ó ti na ọwọ́ òsì. Ó gbà á. Rílì fà á nísàlẹ̀, orí ọ̀pá ta sókè, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún wá láti ràn án lọ́wọ́, ìka ọ̀tún kò lè tẹ̀ mọ́ apá rílì tó tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn. Rílì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kan ilẹ̀.

 Káfíńtà dìde, ó rọra fi ọ̀pá náà ti ògiri, ní igun kan náà pẹ̀lú àwọn ọ̀pá ìwọ̀n márùn-ún, ó padà jókòó, ó kọjú sí fèrèsé.

“Kò burú, ọkọ mi,” Aránṣọ ní. “A máa pààrọ̀ rẹ̀.”

Kò dáhùn. Ìbẹ̀rù bojo mú ìyàwó. Ọ̀rọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ jáde lẹ́nu ọkọ rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kànlá ti ń fẹ́ padà wọlé. Ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tún gbé ọ̀pá tí kò bá a mu wá lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti parí nìyẹn. Ó dúró láàárín pálọ̀, ó gbàdúrà ìdákẹ́jẹ́ tí kò ju gbólóhùn kan lọ, ó sì ṣe ohun tó ti ń ṣe láti ọjọ́ tó ti mọ abẹ́rẹ́ í mú. Ó fa teepu yọ lọ́rùn.

“Ẹ gbé apá sókè.”

Káfíńtà yíjú sí i.

“Ẹ gbé e sókè, jàre. Ṣé mo lè rán ṣòkòtò fún èèyàn tí mi ò wọn ìbàdí rẹ̀?”

Ó wọn ìgbọ̀nwọ́ òsì dé àtẹ́lẹwọ́. Ó wọn abẹ́ apá dé ìgbọ̀nwọ́. Ó wọn bí ìka ọ̀tún ṣe lè ká tó, ó rí i pé wọ́n lè di nǹkan tó tó ẹyin adìẹ mú, ṣùgbọ́n wọn kò lè di èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ìyẹn lọ. Lẹ́yìn náà ó bu omi sínú ọ̀rá, díẹ̀díẹ̀, ó ń fi kọ́ ọwọ́ òsì ọkọ rẹ̀, ó ń kà dé ogún, títí ó fi mọ ibi tí ọwọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé ìwọ̀n rẹ̀, ní ojú ewé ọkọ rẹ̀, nísàlẹ̀ ọrùn àti àyà àti gígùn ẹsẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta nǹkan ẹja pípa wà ní òpópónà tó sọ̀ kalẹ̀ sí òkun, láàárín onífúlúkanáísà kan àti ilé olóògùn. Obìnrin ló ni ín, ó gbé awò ojú sí iwájú orí, ó ń tú okùn tó lọ́ pọ̀ sórí itan. Ìyá Oníwọ̀ ni wọ́n ń pè é.

“Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀pá ìwọ̀ ni mo bá wá.”

Obìnrin náà gbójú sókè. “Ìwọ̀ ni, àbí ìwọ̀n?”

Aránṣọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fò sókè. “Kí ló mú yín béèrè?”

“Ẹ ò mọ̀ ni. Ọdún kọ̀ọ̀kan ni àwọn kan máa ń gbé òṣùwọ̀n wá bá mi pé kí n tún un ṣe. Wọ́n á ní ‘Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni Ìyá Oníwọ̀n?’ Mo ti fẹ́ kúkú kọ́ iṣẹ́ náà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì di ọ̀rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Aránṣọ gbé ẹrù Dáwódù lé orí káńtà. Ìyá Oníwọ̀ wo rílì yẹn.

“Ṣé àbùùbùtán lẹ fẹ́ lọ pa?”

“Ọmọ wa ló rà á. Orí èbúté ni bàbá rẹ̀, ọkọ mi, fẹ́ jókòó sí. Ọwọ́ ọ̀tún wọn ò tíì yá.” Ó ṣí ìwé ìwọ̀n sílẹ̀.

Ìyá Oníwọ̀ fa awò ojú bọ̀ sójú, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. “Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń tajà níbí. Kò sẹ́ni tó wọn ara ọkọ rẹ̀ wá bá mi rí.” Ó dìde. “Ẹ gbọ́. Ẹja tó ń wá sí ìdí èbúté, kílò kan sí mẹ́rin ló wọ́pọ̀. Ẹni tó bá mú mẹ́fà, ìtàn tó máa sọ di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn. Iṣẹ́ àárín nìyẹn. Ohun èlò odò kékeré á já, ti agbami á sì pa ẹni tó gbé e kó tó pa ẹja.”

Ó yọ ọ̀pá kan láti ara ògiri, ẹsẹ̀ bàtà méje. Ó tẹ orí rẹ̀ mọ́ òrùlé. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ lókè tẹ̀ wálẹ̀, ìdí rẹ̀ kò mira. “Òkè ló ń ju ìwọ̀, ìdí ló ń bá ẹja jà. Ìdí rẹ̀ gùn tó láti abẹ́ apá dé ìgbọ̀nwọ́ tí ẹ kọ síbí. Á máa fi í sábẹ́ apá, ara rẹ̀ á bá a gbé e.”

“Rílì ńkọ́?”

“Ìyẹn la fẹ́ mọ̀.” Ó gbé rílì kékeré kan wá, ẹgbẹ̀rún méjì àbọ̀ ni wọ́n kọ sí i. Ó dè é mọ́ ọ̀pá. “Ẹ fi ìka kan sábẹ́ ọ̀pá, níwájú ibi tí rílì dúró sí, kí ẹ fi í sílẹ̀.”

Aránṣọ ṣe bẹ́ẹ̀. Orí ọ̀pá lọ sílẹ̀.

“Rílì fúyẹ́ jù. Ẹja á sáré ẹ̀ẹ̀kan, okùn inú rẹ̀ á tán.” Ó so èyí tó tóbi mọ́ ọn. Ìdí rẹ̀ lọ sílẹ̀. Ó so ẹ̀kẹta, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin. Ọ̀pá náà mì díẹ̀ lórí ìka Aránṣọ, ó dúró gbọọrọ, bí aṣọ tí wọ́n gé èjìká rẹ̀ dọ́gba tí wọ́n fi kọ́.

“Ó bá a mu,” Aránṣọ ní. Ó gbé e nílẹ̀. Ó fúyẹ́ ju ọ̀rá omi tó mú ọwọ́ ọkọ rẹ̀ gbọ̀n. “Ó bá a mu.”

“Ọwọ́ wo ló máa fi gbé ọ̀pá?”

“Òsì. Ẹni tó ń tọ́jú wọn sì fẹ́ kí ọ̀tún máa yí nǹkan.”

“Rílì yìí ò mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì.” Ìyá Oníwọ̀ tú ìdérí kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fa apá rílì yọ ní òsì, ó tì í bọ ọ̀tún. Ó ṣí kókó orí apá náà, ó fi roba róbótó tó tó ẹyin adìẹ rọ́pò rẹ̀. Kò béèrè nǹkan kan. Ó ti kà á nínú ìwé.

Nígbà tí ó kan okùn, Aránṣọ fi ìka méjì pa á wò. “Òwú nìyí!”

“Òwú tó ń gbé kílò mẹ́jọ.” Ó ń ká a sínú rílì. “Ẹ má jẹ́ kó kún…”

“Dé etí,” Aránṣọ gbà á lẹ́nu rẹ̀. “Bó bá kún dé etí, á máa dà sílẹ̀. Bí kò bá kún tó, á máa fa. Ẹ fi ààyè sílẹ̀ bí owó ẹyọ kan ṣe nípọn tó.”

Ìyá Oníwọ̀ dúró. “Ẹ ti pẹja rí ni?”

“Bọ́bìn ni mo mọ̀.”

“Ó dáa, ọ̀gá bọ́bìn, bíréèkì rẹ̀ rèé.” Ó fi kókó orí rílì hàn án. “Bí ẹ bá dì í jù, okùn á já. Bí ẹ bá tú u jù, ẹja á máa lọ sílé rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́rin agbára okùn ni kó ti máa jẹ́ kó lọ.” Ó bu lítà omi méjì sínú kẹ́gì, ó so okùn mọ́ ọn. “Ẹ gbé e.”

Ojú Aránṣọ kúrò lára kẹ́gì. Ìdè òwú tó wà lára máṣíìnì ló ń rántí, èyí tí ó ti ń fi ìka mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ wá: bó bá le, aṣọ á ká jọ, bó bá dẹ̀, òwú á wú sábẹ́. Ó yí kókó náà, ó gbé ọ̀pá, ó tún un yí. Kẹ́gì kúrò nílẹ̀ díẹ̀, rílì ké tẹ́-tẹ́-tẹ́, kẹ́gì rọra balẹ̀.

“Ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́,” ni Ìyá Oníwọ̀ wí. Ó ní kó fi ẹrù Dáwódù sílẹ̀ ní pàṣípààrọ̀, pé àwọn tó ń lọ agbami á fẹ́ ẹ. Ó tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. “Iyọ̀ ò mọ ojú ẹnikẹ́ni o! Bí ẹ bá délé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣàn án, jẹ́jẹ́.”

Ní àárọ̀ Sátidé, Káfíńtà rìn dé orí èbúté pẹ̀lú igi ìtilẹ̀ rẹ̀. Aránṣọ gbé àga, àwọ̀n, ìjẹ àti òjé tó ń fa okùn rì, ó sì gbé ẹ̀wù kan tó fẹ́ gán ojú bọ́tìnnì rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ nígbà tó ń gbé ọ̀pá fún ọkọ rẹ̀. Ọkùnrin náà fi ìdí rẹ̀ sábẹ́ apá. Ó gbé e sókè, ó gbé e wálẹ̀. Ọwọ́ kò gbọ̀n. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó tún wo ọ̀pá.

Ìka ọ̀tún pẹ́ kó tó lè ṣí irin tó di okùn mú. Ọwọ́ Aránṣọ ń yún un láti bá a ṣí i, ó fi abẹ́rẹ́ gún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé kò wo ibi tó ń rán. Ìjùsómi àkọ́kọ́ bọ́ sí ẹsẹ̀ èbúté. Èkejì bá ìdákọ̀ró ẹlẹ́ja kan lọ́, ó bọ́ lára rẹ̀. Ẹ̀kẹta fò lọ jìnnà, òjé dún nínú omi lọ́hùn-ún. Ọwọ́ ọ̀tún di roba róbótó mú, ó yí i lẹ́ẹ̀kan, okùn nà.

Wọ́n jókòó. Oòrùn gòkè. Ó tó wákàtí kan kí orí ọ̀pá tó dédé tẹ̀, tí rílì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

“Ó ń já! Ó ń já lọ!” Aránṣọ dìde, ẹ̀wù bọ́ sílẹ̀.

“Rárá,” Káfíńtà ní. “Jẹ́ kó… lọ.”

Ẹja sáré, bíréèkì jẹ́ kó sáré, okùn kò já. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, Káfíńtà yí rílì lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó sinmi. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ọwọ́ tí kò lè di ṣíbí mú ní oṣù tó kọjá ń yí, ó ń dúró, ó ń yí. Nígbà tí ẹja fi ẹ̀gbẹ́ fàdákà yọ lójú omi, Aránṣọ dojú bolẹ̀ lórí pákó, ó fi àwọ̀n gbé e.

Ẹja náà nà sórí pákó, ó ń mí. Káfíńtà nawọ́ sí ìyàwó rẹ̀ kánkán. “Ọ̀pá ìwọ̀n!”

“Ó wà lọ́wọ́ yín!”

“Ìwọ̀n!”

Ó sáré gbé páálí ìwọ̀ wá. “Ńlá ni àbí kékeré?”

Káfíńtà wo òkè bí ẹni ń bẹ ọ̀run. Ó fi ìka tọ́ imú ara rẹ̀ láti fi hàn pé láti ibẹ̀ gan-an ni lọ́tẹ̀ yìí. “Ìwọ̀nnnn!” Ó nawọ́ sí pátákó tó wà ní ẹnu èbúté. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán irú ẹja yìí gan-an: èyí tí kò bá tó ọgọ́ta sẹ̀ńtímítà, ẹ dá a padà sínú omi.

Aránṣọ na ọwọ́ sí ọrùn rẹ̀. Teepu wà níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó wọn ẹja láti ẹnu dé ìrù. Mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Orúkọ iye náà fúnra rẹ̀ ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀: ó ku ẹyọ kan.

“Bí a bá fa ìrù rẹ̀ díẹ̀,” Aránṣọ ní. Ó ń yọ́ ọwọ́ lọ sídìí ìrù. “Aṣọ máa ń nà bí a bá lọ̀ ọ́.”

“Aránṣọ.”

“Ẹyọ kan péré ni, ọkọ mi!”

“Ẹja kì í ṣe aṣọ.”

Ọwọ́ Aránṣọ kúrò nídìí ìrù. Gbólóhùn odidi ni. Ó ní orí, ó ní ìdí, ó sì gba ẹnu jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Káfíńtà alára gbọ́ ọ. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ikùn rẹ̀, ó gun àyà, ó fa ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Aránṣọ kò mọ ìgbà tí ó gbá a mọ́ra, ọwọ́ ẹlẹ́ja, teepu tútù àti gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n tú ìwọ̀ lẹ́nu ẹja, Káfíńtà fi ọwọ́ méjèèjì gbé e sómi. Ó ta ìrù lẹ́ẹ̀kan, ó lọ.

Fóònù dún. Dáwódù ni.

“Màámi, kí ni Bàámi mú?”

Káfíńtà gba fóònù fúnra rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tó ti ṣe irú rẹ̀ gbẹ̀yìn. “Dáwódù. Bó o bá ń bọ̀… mú ọ̀pá ìwọ̀n kan… dání fún mi. Eléyìí tó ń ká.”

 Ohùn awakọ̀ kireni náà lọ́hùn-ún rẹlẹ̀ bíi ti ọmọ kékeré.

“Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ di imú yín pọ̀, kí ẹ tún un sọ.”

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ọ̀rọ̀ yín kò ní há sí yín lẹ́nu. Ohun tí ẹ bá ń béèrè lọ́wọ́ Ọlọ́run, òun gan-an ni yóò fi fún yín, kò ní fi ohun tó fara jọ ọ́ rọ́pò. Ọwọ́ yín tó ti rọ yóò tún di ohun tí ẹ fẹ́ràn mú. Bí ẹnikẹ́ni bá sì dákẹ́ nínú ilé yín, Olúwa yóò fún yín ní etí tó lè gbọ́ ọ, àti ìka méjì tó nígboyà láti di imú rẹ̀. Àmín.